Ìdákẹ́ Yàrá Màmá

Ìyá Dákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ilé ìfowópamọ́ nìkan ló ṣì ń kọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń darí fíìmù, ọ̀rọ̀ tó sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀ jù lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ni. Dákẹ́! Ó ti sọ ọ́ fún àwọn òṣèré ńláńlá. Ó ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tó wá béèrè ìwé àṣẹ. Ó ti sọ ọ́ fún ajá. Lọ́jọ́ kan ó kígbe rẹ̀ mọ́ òjò, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń búra títí dòní pé òjò náà dá.

Kò sí yàrá tí kò ní ìdákẹ́ tirẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán tán nínú yàrá kan, kí ẹnikẹ́ni tó tú wáyà, kí ẹnikẹ́ni tó fìdí kalẹ̀, gbogbo èèyàn á dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹni tó ń gba ohùn á sì gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ húkọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń dí àlàfo nígbà tí wọ́n bá gé ariwo kúrò láàárín ọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá fi nǹkan kan dí i, etí olùwòran á jìn sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń jìn sí kòtò. Bí wọ́n bá sì fi ìdákẹ́ yàrá mìíràn dí i, ó máa hàn. Bí ẹni fi aṣọ dúdú lẹ ṣòkòtò funfun.

Ogún ọdún. Fíìmù mọ́kànlá. Kò gbàgbé ìṣẹ́jú kan yẹn rí.

Àfi nínú yàrá ìyá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Elétí Ọfẹ ní.

"Mo ti jókòó."

"Ẹ tún jókòó."

Ó gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kà. Elétí Ọfẹ ni ọkùnrin tó ń gba ohùn fún un láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin, etí bíńtín. Kì í bẹ̀bẹ̀. Bó bá ti ń ní kí èèyàn jókòó, nǹkan ti bàjẹ́.

"Ìran tó gbẹ̀yìn," ó ní. "Mo ti gé ariwo àwọn agbẹ́kànga ẹ̀yìn ilé kúrò láàárín ọ̀rọ̀ Màmá. Ó mọ́ tónítóní. Ìdákẹ́ tí màá fi dí i ni mo wá lọ sínú àpótí tí a ń kó ohùn sí."

"Ó wà níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀, Ọ̀gá."

"Báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀?"

Elétí Ọfẹ ń wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ rántí ọjọ́ tí a parí."

Ó rántí.

Ìtàn aránṣọ kan ni fíìmù náà. Obìnrin tó ti rán aṣọ fún ogójì ọdún nínú yàrá kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ní kó kó jáde. Ìyá Dákẹ́ ti pe òṣèré mẹ́ta kó tó gbà pé kò sí nínú wọn tó lè ṣe é. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì bí ẹni mú akàn. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, tó ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló wo ẹ̀kẹta títí, tó wá béèrè pé, "Ṣé ẹran ara mi ò dára fún kámẹ́rà ni?" Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ya òun àti yàrá rẹ̀ àti máṣíìnì rẹ̀. Ní ìran tó gbẹ̀yìn, ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá láì gbé ojú kúrò lára aṣọ, ó dìde, ó jáde. Kámẹ́rà ò tẹ̀ lé e. Àga òfìfo ni kámẹ́rà ń wò, fún ìṣẹ́jú kan. Torí ìṣẹ́jú kan yẹn ni Ìyá Dákẹ́ ṣe fẹ́ ṣe fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn gbọ́ yàrá tí ẹnì kan ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ẹ̀rọ àwọn agbẹ́kànga tó ń lu ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, àwọn agbẹ́kànga lọ jẹun. Àdúgbò rọ wọ̀ọ̀. Elétí Ọfẹ gbé maìkì dúró sáàárín yàrá, ó ní, "Gbogbo ilé, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré." Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró bí ère. Màmá ti padà sídìí máṣíìnì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kí lẹ ń wò?"

"Màmá, a fẹ́ gba ìdákẹ́ yàrá ni. Ẹ bá wa dákẹ́ díẹ̀."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, Màmá."

"Nínú yàrá mi?" Màmá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nínú yàrá yìí. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́ níbí rí. Bàbá yín gan-an ò dán an wò." Ó dúró díẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ tó gbé igi gígùn dání yẹn, apá ò ro ọ́? Wọn ò fún yín lóúnjẹ ni?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Màmá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n sin Màmá jáde. Màmá ní wọ́n ti mú òun jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, ó tó, ta ló wà níta? Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Dákẹ́. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ náà kọ̀.

Ẹni tó ti sọ ọ́ fún òjò! Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa wo ojú ìyá tó bí i, tó máa ní kó dákẹ́? Kódà kó fi "ẹ jọ̀ọ́" méje ṣáájú, kó fi ìkúnlẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹnu ò gbà á. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. A óò padà wá gbà á nígbà tí wọ́n bá lọ sinmi." Wọ́n tú wáyà. Ọkọ̀ tó máa kó ẹrù dé kíá. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ ń ti iṣẹ́ lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó padà lọ.

Ọjọ́ kejì tí Elétí Ọfẹ sọ̀rọ̀ náà, lọ́sàn-án, Baba Gbọ̀ngàn wá wo fíìmù náà. Òun ló ni gbọ̀ngàn sinimá tó tóbi jù nílùú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, àga tuntun, aṣọ ìbojú tuntun, ó sì ti ṣèlérí pé fíìmù Ìyá Dákẹ́ ni òun máa fi ṣí i. Ó wò ó títí. Nígbà tó dé ìran tó gbẹ̀yìn, tí ọ̀rọ̀ Màmá ń bọ́ sínú ihò tó ń yọ nínú ihò, ó fa imú.

"Màdáámù, ẹ fi orin sí i. Fèrè díẹ̀, dùùrù díẹ̀, ó parí."

"Kò sẹ́ni tó ń fun fèrè nínú yàrá yẹn."

"Kò sẹ́ni tó ń fun fèrè lójú ọ̀run náà, wọ́n sì máa ń fi orin sí i bí ẹyẹ bá ń fò."

"Èyí kì í ṣe ẹyẹ."

"Ẹ gbọ́ mi." Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. "Èèyàn irínwó á wà nínú gbọ̀ngàn mi. Àga òfìfo. Ìṣẹ́jú kan. Kò sí orin. Wọ́n á rò pé iná lọ ni!"

"Bí wọ́n bá gbọ́ yàrá náà, wọn ò ní rò bẹ́ẹ̀."

"Yàrá náà dà?"

Baba Gbọ̀ngàn dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Òní Mọ́ńdè. Fúráìdè, aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń ṣí gbọ̀ngàn. Tọ́sìdè ni kí ẹ gbé e wá. Bí ihò bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi orin dí i, tàbí kí n fi fíìmù ẹlòmíràn ṣí i. Ọdún tó ń bọ̀ ni àyè á tún yọ. Ẹ má bínú sí mi o."

Nígbà tó lọ tán, Elétí Ọfẹ ní, "Ọdún tó ń bọ̀ ò kúkú jìnnà, Ọ̀gá."

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kì í sún ìpàdé síwájú."

Màmá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tètè ṣe é o. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi wò ó, mi ò fẹ́ kí ẹnì kan máa wá ròyìn rẹ̀ fún mi lọ́run.

Túsìdè, ní kùtùkùtù, wọ́n gbé maìkì, wọ́n gba ilé Màmá lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹfun lórí irun, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀. Ẹ di ojú yín. Mo ní kí ẹ di í!" Ó fà á wọlé. "Ó yá, ẹ là á."

Àjà onígi ti lọ. Àjà oníke funfun ló wà lókè báyìí, ó ń dán bí àwo. Fèrèsé onígi ti lọ, gíláàsì ló rọ́pò rẹ̀. Ilẹ̀ ti di táìlì. Àárín gbogbo dídán yìí ni Màmá àti máṣíìnì dúdú rẹ̀ wà, bí àlejò tí wọ́n ní kó dúró de ẹnì kan.

Elétí Ọfẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pá! Yàrá náà dá a lóhùn. Pá-pá-pá. Ó ṣí ẹ̀rọ kúrò létí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ọ̀gá, ó ti kú."

"Ta ló kú?" àbúrò pariwo.

"Yàrá ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú àbúrò. "Ooru ń pa Màmá níbí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé mi ò ṣe nǹkan kan rí nínú ilé yìí. Mo wá ṣe é, ó tún di ẹjọ́?"

Kí ló fẹ́ sọ fún un? Yàrá náà tutù. Ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Ìyá wọn á lè rí aṣọ tó ń rán. "O ṣeun, àbúrò mi," ó ní. "Ó dára gan-an." Ó sì dára lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló dùn ún.

Elétí Ọfẹ ò jókòó. Ó wọ ilé aránṣọ kan ní òpópónà kejì tí àjà rẹ̀ jẹ́ pákó, ó wọ yàrá ìkẹ́rù ilé ìwé kan, ó wọ ilé arúgbó kan tó rò pé olè ni. Ó gba ìdákẹ́ mẹ́ta wá. Ó fi wọ́n sábẹ́ ọ̀rọ̀ Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun.

Ìyá Dákẹ́ jókòó sórí àpótí kékeré nítòsí ìyá rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé ni kó tú òwú kúrò lára aṣọ tí wọ́n rán tí kò gún. Bó bá rán nǹkan tán, tó gbé e wá pẹ̀lú ìgbéraga, Màmá ò ní wo ojú aṣọ. "Yí i padà," ló máa ń sọ. Inú ló ń wò. Ojú aṣọ, fún àlejò ni. Inú aṣọ, fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń jù ú padà sí i. Tú u.

Ó sá kúrò nídìí abẹ́rẹ́ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ sílé onífọ́tò. Fọ́tò ìwé ìrìnnà. Má rẹ́rìn-ín, má mira. Ọdún mẹ́rin ló fi wo ojú àwọn èèyàn tó fẹ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé ojú ẹni kì í jáde nígbà tí wọ́n bá ń yà á, ìgbà tó bá rò pé wọ́n ti yà á tán ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó bá iléeṣẹ́ rédíò lọ lẹ́yìn náà. Abẹ fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, téèpù lórí tábìlì, ó ń gé ikọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá. Ó gé ikọ́ tó pọ̀ tó èyí tó lè kún àgbá. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn án pé yàrá wà nínú ohùn, pé èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ògiri náà sọ díẹ̀.

Ìgbéyàwó ló kàn. Ó ya ìgbéyàwó tó lé ní irínwó. Ó mọ ọkọ ìyàwó tó ń làágùn nítorí ooru, ó mọ èyí tó ń làágùn nítorí ohun mìíràn. Iléeṣẹ́ ìlera gbé iṣẹ́ fún un, kó ṣe fíìmù nípa ọwọ́ fífọ̀. Ó ṣe é dáadáa débi pé nígbà tí wọ́n fi hàn nílé ìwé, ọmọ kan nawọ́, ó béèrè pé kí ni bàbá yẹn fọwọ́ ṣe tó fi ń fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣe fíìmù tirẹ̀. Èèyàn méje ló wá wò ó. Méjì sùn. Màmá wà lára àwọn márùn-ún tí kò sùn, ó sì dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojú rẹ̀ dára," Màmá ní. "Inú rẹ̀ ni kò mọ́."

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Ó padà sílé, ó tú fíìmù náà palẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀wù, oṣù mẹ́jọ ló fi tún un rán. Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ló wá nígbà kejì. Láti ìgbà náà, kò gé nǹkan kan kó má kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: bí Màmá bá yí i padà ńkọ́?

Ẹni yìí ni Baba Gbọ̀ngàn ní kó fi fèrè bo ihò.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o fi káwọ́ lérí?" Màmá béèrè lókè orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì, ọ̀rọ̀ ń lọ, aṣọ ń lọ. "Ṣé nítorí àjà ni? Èmi gan-an ò fẹ́ràn rẹ̀, ojú ló ń dùn mí. Má sọ fún un o. Ilẹ̀ yìí náà, ó ń yọ̀. Àbúrò rẹ wá ní kí n máa…"

Òwú já. Màmá fa abẹ́rẹ́ yọ, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó fi òwú sáàárín ètè, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kan dì. Òwú ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ó kọjá. Ó tún wá a. Ó wọlé.

"…kí n máa wọ bàtà nínú ilé ara mi."

Ìyá Dákẹ́ ti dìde.

"Màmá, ẹ tún un ṣe."

"Kí ni?"

"Abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ tún òwú fi sí i."

"Òwú ò tíì já!" Màmá wò ó. "Àkọ́bí mi, ṣé o jẹun lónìí?"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Nínú gbogbo ayé, ohun kan ṣoṣo wà tí ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣe é, tí kì í tiẹ̀ mí. Ó sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kékeré láì fetí sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé kì í da nǹkan nù. Àwòrán tó bàjẹ́, ìran tí òṣèré ti gbàgbé ọ̀rọ̀, ibi tí igi maìkì ti yọjú, gbogbo rẹ̀ ló ń kó pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe ń kó àjákù aṣọ sínú páànù ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkísà Ìyá Dákẹ́, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"Kó àkísà ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde," ó sọ fún Elétí Ọfẹ. "Gbogbo ibi tí òwú ti já mọ́ Màmá lọ́wọ́."

Elétí Ọfẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí kì í ṣe. Ó fò sókè, sìgbọnlẹ̀ yẹn, ó fi orí gbá iná.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n rí. Ẹ̀rọ agbẹ́kànga wà nínú àwọn kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá nínú ọ̀kan. Nínú òmíràn, ẹnì kan ní ìta ń pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, ó sì ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n kó ìyẹn dànù… rárá, wọ́n kó o padà sínú àkísà. Ó ku mọ́kàndínlógún tó mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin, nígbà tí ojú ń ro Màmá.

Rírí wọn kọ́ ló le. Síso wọ́n pọ̀ ni. Aago kan wà lára ògiri yàrá yẹn, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Bí wọ́n bá so abẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì láìbìkítà, aago náà á kọsẹ̀, etí á sì mọ̀.

"Ṣé o ti rí i bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ onílà?" ó bi Elétí Ọfẹ. "Wọ́n á mú ìlà ti apá yìí bá ìlà ti apá kejì kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Aago ni ìlà wa. Orí kọ̀ ni kí o ti gé e. Orí kọ̀ ni kí o ti so ó."

Ó di ojú. Ó ń fi ìka ka aago lórí tábìlì. Bí ìka rẹ̀ bá ti dúró, Elétí Ọfẹ á mọ̀ pé kò dára, á tú u. Wọ́n so ó, wọ́n tú u. Gbogbo Wẹ́sìdè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdè, gbogbo abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógún wà lórí ìlà kan, ó ń lọ geere, pákó àjà àtijọ́ ń ké díẹ̀ bí oòrùn ṣe ń mú un, afẹ́fẹ́ ń kan fèrèsé onígi. Yàrá náà jí dìde.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

"Ó ku mẹ́rin," Elétí Ọfẹ ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Màmá á yí i padà."

"Ká wá dín àga òfìfo kù."

"Ìṣẹ́jú kan ni mo sọ."

Ìyá Dákẹ́ mọ ibì kan tó kù. Ó ti mọ̀ láti Mọ́ńdè, kò kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni, nítorí pé ìtìjú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Gbé ọjọ́ kẹsàn-án wá," ó ní. "Ibi tí Màmá ti ń bá wa jà."

Ohùn Màmá kún inú yàrá. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nínú yàrá yìí. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́ níbí rí. Bàbá yín gan-an ò dán an wò.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́…

Elétí Ọfẹ ti dá a dúró. Lọ́jọ́ náà, gbogbo òṣìṣẹ́ dúró bí ère gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wọn, àwọn agbẹ́kànga ń jẹun, Màmá sì rántí ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó mọ́ ju gbogbo abẹ́rẹ́ lọ.

"Fi í sí ìgbẹ̀yìn," Ìyá Dákẹ́ ní.

Baba Gbọ̀ngàn wò ó ní ọ̀sán Tọ́sìdè lórí ìdúró, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Síbẹ̀síbẹ̀, màá dúró sídìí iná," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo pé iná lọ, màá tàn án."

Fúráìdè, aago mẹ́ta. Gbogbo àga kún. Màmá wà ní iwájú láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ti ń bá ara rẹ̀ tó wà lókè sọ̀rọ̀. "Èmi rè é! Wo irun mi, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi kí n tún un ṣe? … Aṣọ yẹn, èmi ni mo rán an. … Ohun tó fẹ́ sọ báyìí, irọ́ ni o."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn tẹ́ ọrùn síwájú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀."

Ìyá Dákẹ́ yí padà kíá. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wọn."

Elétí Ọfẹ tó wà nítòsí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìran tó gbẹ̀yìn dé. Màmá ti aṣọ ìbojú ń sọ̀rọ̀, kò sí ihò kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yàrá rẹ̀ ló gbé e dání. Ó dìde, ó jáde. Àga òfìfo. Màmá ti orí àga la ẹnu láti sọ nǹkan, ó sì pa á dé.

Kọ̀. Kọ̀. Pákó ké. Èèyàn irínwó, kò sẹ́ni tó wú ikọ́. Baba Gbọ̀ngàn gbé ọwọ́ sídìí iná, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ rẹ̀.

"Níbo lo ti rí ìyẹn? Èmi ò dákẹ́ fún yín."

"Abẹ́rẹ́ ni, Màmá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́."

Màmá rò ó. "Mélòó ni?"

"Abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógún. Àti ẹyọ kan."

"Kí ni ẹyọ kan?"

Màmá wo ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń wo inú aṣọ, ó wò ó pẹ́, kò sì béèrè mọ́. Ó yíjú padà sí ibi tí àga náà wà tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àbúrò ń sunkún, ó ń sọ pé eruku ẹfun ló wà lójú òun láti Túsìdè.

"Mo wá ojú ìránṣọ níbẹ̀," Màmá ní. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú láti fi dìde. "Mi ò rí i."